Fíìmù Oppenheimer ti kù sí dẹ̀dẹ̀ o: ta ló máa bá mi lọ wò ó láti Òṣogbo?

Tíṣà_Òròkí | ọjọ́ 11 oṣù Keje 2023, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń ka ọjọ́, ó wá ku ọjọ́ mẹ́wàá géérégé báyìí. Fíìmù tí Christopher Nolan ṣe lórí Oppenheimer máa jáde lọ́jọ́ 21 oṣù yìí, wákàtí mẹ́ta gbáko ni wọ́n ní, mi ò sì fẹ́ dá nìkan lọ wò ó torí mo mọ ara mi, ọ̀rọ̀ máa kún inú mi tí mo bá jáde níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ rẹ́ni bá sọ ọ́ kí n tó délé.

Fún ẹni tí kò bá mọ ọkùnrin náà: J. Robert Oppenheimer, New York ni wọ́n ti bí i ní 1904, físíìsì ló kà, ó kà á dé Jámánì, ọ̀dọ̀ Max Born ní Göttingen ló ti gboyè dókítà ní 1927. Nígbà ogun Hítílà ni ìjọba Amẹ́ríkà fi í ṣe olórí àwọn onísáyẹ́ǹsì tó kóra jọ sórí òkè kan tó ń jẹ́ Los Alamos ní New Mexico, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe bọ́ǹbù átọ̀mù àkọ́kọ́ láyé.

Físíìsì lèmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ SS nílé-ìwé kan níbí, ọdún kẹrìnlá mi nìyí. Agbábọ́ọ̀lù ti ní fíìmù, olórin ti ní, olóṣèlú ti ní, kódà àwọn gbájú-ẹ̀ náà ti ní. Ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò sójú pátákó, tí gbogbo ayé wá ń dúró de fíìmù ẹ̀ báyìí, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ náà sì tún kan ilé wa. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n kó lọ jagun ní Bọ́mà. Àárín orí wọn pá látàrí àpótí ọta tí wọ́n ń rù gba inú igbó kọjá, torí mọ́tò ò lè wọ àfonífojì Kaladan níbi tí wọ́n ti jà, orí ni wọ́n fi ń ru gbogbo ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé Índíà làwọn wà ní 1945 nígbà tí ọ̀gá wọn kan kó wọn jọ, tó ní bọ́ǹbù ẹyọ kan ṣoṣo ti run odidi ìlú kan ní Japan. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé ògbufọ̀ ló ṣi ọ̀rọ̀ náà tú.

Mo ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ SS2 mi lọ. Ìbàdàn ni mo fẹ́ ká lọ torí mo fẹ́ kí wọ́n wò ó lójú skírìnì ńlá. Kí lẹ rí sí i? Ta ló ń bọ̀?

Ọmọ_Aláró | ọjọ́ 11 oṣù Keje, 8:52 alẹ́

Tíṣà wa, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ sà! Ìgbà tí trailer ẹ̀ jáde, mo wò ó tó ìgbà ogún, dátà mi tán síbẹ̀, kò tiẹ̀ dùn mí.

Èmi ò mọ físíìsì púpọ̀ o, bí wọ́n ṣe yà á ló ń pa mí. Fótógíráfà ni bàbá mi, Ìgbọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà nígbà yẹn, inú dákúrúùmù ni mo dàgbà sí. Ẹni tó bá ti dúró nínú òkùnkùn yẹn rí, lábẹ́ iná pupa kékeré, tó ń wo pépà funfun nínú abọ́ kẹ́míkà, tí ojú ìyàwó tuntun kan rọra ń yọ jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kọ́kọ́ ẹyinjú, lẹ́yìn náà gèlè, ẹni yẹn ò lè gbàgbé láé. Fíìmù gidi bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń fọ̀ nínú kẹ́míkà, ni Nolan fi ya gbogbo iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú kámẹ́rà IMAX tó tóbi gan-an. Apá kan nínú ẹ̀ jẹ́ dúdú-òun-funfun, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sí fíìmù dúdú-òun-funfun fún kámẹ́rà ńlá yẹn tẹ́lẹ̀, Kodak ló jókòó ṣe é tuntun fún wọn. Wọ́n tún ní kò fi kọ̀ǹpútà ya iná bọ́ǹbù yẹn, iná gidi ni wọ́n dá. Bàbá mi ti lé ní 70, mo fẹ́ mú wọn dání. Ṣé àyè máa wà?

Ìyá_Ìbejì_ÒkèFìà | ọjọ́ 11 oṣù Keje, 9:30 alẹ́

Ẹ kú làálàá lórí àwọn ọmọ wa o, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sọ̀rọ̀: àmì R ni wọ́n fi sí i ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé ọmọ tí ò bá tíì pé 17 ò gbọ́dọ̀ dá wọlé láìsí òbí tàbí alágbàtọ́ ẹ̀, ìhòòhò wà nínú ẹ̀. Ọmọ SS2 wà nílé mi, ọdún 15 ló wà. Ẹ lọ wò ó fúnra yín, kẹ́ ẹ wá jókòó sọ ìtàn ẹ̀ fún wọn ní kíláàsì. Àwọn ìbejì mi kì í gbàgbé ohun tí tíṣà wọn bá fẹnu sọ, ohun tí wọ́n bá wò lórí tẹlifíṣọ̀n kì í pẹ́ kó tó lọ.

Tíṣà_Òròkí | ọjọ́ 11 oṣù Keje, 9:41 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an mà. Òótọ́ lẹ sọ, ìdùnnú ló gbé mi lọ tí mi ò fi wo ibẹ̀ yẹn. Mo ti fagi lé ti àwọn ọmọ. Àwa àgbà nìkan la máa lọ.

@Ọmọ_Aláró, ẹ mú Bàbá dání, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa jókòó sí.

Àkànbí_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun | ọjọ́ 12 oṣù Keje, 6:20 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ará, èmi ò lè bá yín yọ̀ sí eléyìí. Ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń wí yìí ló ṣe ohun tí wọ́n jù sí Hiroshima lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1945, wọ́n tún ju òmíràn sí Nagasaki lọ́jọ́ 9. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 140,000 ènìyàn ló ti kú ní Hiroshima nìkan kí ọdún yẹn tó parí, Nagasaki tó 70,000. Àwọn ọmọdé tó ń lọ sílé-ìwé láàárọ̀ ni, àwọn ìyá tó ń dáná ni. Tẹ́ ẹ bá pa Òṣogbo mọ́ Ẹdẹ lọ́jọ́ ọjà, ẹ wo iye ènìyàn tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Ká wá kówó lọ fún àwọn tó fi ìyẹn ṣe fíìmù, ká tún jẹ gúgúrú lé e lórí, ọkàn mi ò gbà á.

Tíṣà_Òròkí | ọjọ́ 12 oṣù Keje, 4:05 ọ̀sán

Bọ̀dá Àkànbí, mo ti ń ru ọ̀rọ̀ yín káàkiri láti àárọ̀, mo ru ú wọ kíláàsì, mo ru ú jáde. Mi ò ní sọ pé ẹ̀ ń purọ́, iye tẹ́ ẹ kà yẹn náà lèmi mọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ wo fíìmù yìí ni pé ọkùnrin náà pàápàá ò sá fún un. Ní oṣù Kẹwàá 1945 ó wọlé tọ Ààrẹ Truman lọ, ó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Inú bí Truman, ó ní kí wọ́n má mú un wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ ṣe bọ́ǹbù hydrogen, èyí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, Oppenheimer àti àwọn tí wọ́n jọ ń gba ìjọba nímọ̀ràn kọ̀wé ní 1949 pé kí wọ́n má ṣe é. Ibẹ̀ ni wàhálà ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1954 wọ́n gbé e síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n kó gbogbo ọ̀rẹ́ kọ́múníìsì tó ní kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ jáde, wọ́n bi í nípa ìyàwó, wọ́n bi í nípa àbúrò, wọ́n bi í nípa obìnrin tó ti kú, wọ́n sì gba ìwé tó fi ń rí àṣírí ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ dànù bí ẹni yọ jìgá. Lewis Strauss tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, Robert Downey Jr. ló máa ṣe é nínú fíìmù. Oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fagi lé ìdájọ́ yẹn, wọ́n ní wọn ò ṣe é bó ṣe yẹ. Ọkùnrin náà ti kú láti 1967, àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, sìgá kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́rùn mi, mi ò lè bọ́ ọ sílẹ̀. Ká ní ogun yẹn ń bá a lọ, wọ́n á tún kó bàbá bàbá mi padà sínú igbó. Ní 1946 ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi padà wálé, wọ́n fẹ́ ìyá àgbà, wọ́n bí bàbá mi. Mo wà láyé. Àwọn ọmọ Hiroshima tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ò ní ọmọ-ọmọ tó máa jókòó tẹ nǹkan sórí fóònù. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà, mo ti gbìyànjú ẹ̀ tó ọdún mẹ́wàá.

Bàbá_Rélùwéè | ọjọ́ 12 oṣù Keje, 8:37 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Ìtàn tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, mo ti gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó dáyé. Ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí ẹ̀ di ilé eré, wọ́n pè é ní Mbari Mbayo, níbí yìí ní Òṣogbo, àwa ọmọdé a máa lọ yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n ṣeré Ṣàngó. Bàtá á máa dún, ilẹ̀ á máa mì. Ṣé ẹ mọ bí ìtàn yẹn ṣe lọ: ọba Ọ̀yọ́ ní oògùn tó ń pe àrá, ó gun orí òkè lọ láti lọ dán an wò bóyá agbára ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àrá náà dáhùn. Àfi ààfin òun fúnra ẹ̀ ló já lù, ó pa àwọn ìyàwó, ó pa àwọn ọmọ.

Ọkùnrin Amẹ́ríkà yẹn náà lọ dán tiẹ̀ wò nínú aginjù, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Èmi ò fẹ́ rí iná. Mo ti ríná rí. Ojú ọkùnrin náà lẹ́yìn tí iná ti kú ni mo fẹ́ kí wọ́n fi hàn mí, kí kámẹ́rà dúró síbẹ̀ kó má tètè kúrò. Tí òṣèré tí wọ́n mú bá lè ṣe ìyẹn, ó ti ṣe fíìmù.

Ọmọ_Aláró | ọjọ́ 12 oṣù Keje, 8:55 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun sà, ara mi bù máṣọ. Cillian Murphy ni òṣèré náà, ará Ireland. Fótò ẹ̀ tí wọ́n gbé jáde, ó ti gbẹ, ojú ẹ̀ ti wọnú, fìlà lórí, sìgá lẹ́nu. Ojú yẹn nìkan ni wọ́n fi ń polówó ẹ̀. Mo rò pé ohun tẹ́ ẹ̀ ń fẹ́ wà níbẹ̀.

Aláṣọ_ỌjàỌba | ọjọ́ 13 oṣù Keje, 1:18 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè, kẹ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Átọ̀mù yìí gan-an, kí ni? Báwo ni ohun tí ojú ò rí ṣe ń run ìlú? Mo fẹ́ bá yín lọ ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jókòó fún wákàtí mẹ́ta kí n máa wo ẹnu òyìnbó lásán.

Tíṣà_Òròkí | ọjọ́ 13 oṣù Keje, 5:46 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí wa, ìbéèrè tó dáa jù lórí ojúewé yìí nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn ọmọ.

Mo máa ń mú àwo pẹrẹsẹ kan, mo máa fi amọ̀ tútù sínú ẹ̀, mo máa wá gún igi ìṣáná mọ́ amọ̀ náà, orí sókè, wọ́n á súnmọ́ra bí ọkà tí wọ́n gbìn nípọn. Mo máa ṣáná sí ẹyọ kan péré létí àwo. Ẹyọ yẹn á ran méjì, méjì á ran mẹ́rin, mẹ́rin á ran mẹ́jọ, kẹ́ ẹ tó sọ pé kí ló dé, gbogbo àwo ti gbaná, àwọn tó wà níwájú á ti fa àga sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà mo máa tún un ṣe, ṣùgbọ́n mo máa gún ìṣáná jìnnà síra wọn. Mo ṣáná sí ẹyọ kan, ó jó, ó kú, kò ran ẹnikẹ́ni. Kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́. Nǹkan tó yàtọ̀ láàárín àwo méjèèjì kò ju bí wọ́n ṣe súnmọ́ra lọ.

Gbogbo nǹkan láyé ló jẹ́ átọ̀mù, aṣọ tẹ́ ẹ̀ ń tà, omi, èmi, ẹ̀yin. Inú átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní kókó kan tó kéré gan-an, agbára tó so kókó náà pọ̀ le ju ohun tẹ́ ẹ lè rò lọ. Uranium, irin wúwo kan tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, irú átọ̀mù ẹ̀ kan wà tí kókó ẹ̀ tóbi, kò rọgbọ, tí nǹkan kékeré tí wọ́n ń pè ní neutron bá kàn án pẹ́ẹ́, ó máa là sí méjì, ó máa tu agbára sílẹ̀, ó tún máa ju neutron méjì tàbí mẹ́ta mìíràn síta tó máa lọ kan àwọn aládùúgbò ẹ̀. Ìṣáná yẹn náà ni. Irú uranium tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, nínú ẹgbẹ̀rún, bíi méje péré ni. Yíyọ méje yẹn kúrò láàárín àwọn tó kù ló gba ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Oak Ridge ní Tennessee, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí wọn ò tiẹ̀ sọ fún ohun tí wọ́n ń ṣe.

Uranium tó wà nínú bọ́ǹbù Hiroshima jẹ́ nǹkan bíi kílò 64, ó fi díẹ̀ ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Èyí tó là gan-an nínú ẹ̀ ò tó kílò kan. Agbára tó tú jáde tó ti tọ́ọ̀nù 15,000 ohun abúgbàù tí wọ́n ń pè ní TNT. Tírélà tó ń kó 600 àpò sìmẹ́ǹtì, 500 irú tírélà bẹ́ẹ̀ ló máa kó o. Òun ni ọkọ̀ òfurufú ẹyọ kan gbé lọ.

Ẹ wá báyìí mà, ẹ ò ní wo ẹnu òyìnbó lásán.

Aláṣọ_ỌjàỌba | ọjọ́ 13 oṣù Keje, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ó yé mi. Ó yé mi débi tí ẹ̀rù fi bà mí. Mo ń bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÒkèBàálẹ̀ | ọjọ́ 14 oṣù Keje, 10:11 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà, ẹ kú alẹ́ mà. Físíìsì lèmi náà ń kà, mo wà ní 300 level. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un, tí ẹ bá gbà mí láyè.

Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé pé ọkùnrin yìí ti ṣe nǹkan tó jojú kó tó kan bọ́ǹbù. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ kan, Hartland Snyder, kọ ìwé kan pé tí ìràwọ̀ tó tóbi gan-an bá jó epo ẹ̀ tán, ó lè wó lulẹ̀ sínú ara ẹ̀ débi tí ìmọ́lẹ̀ ò ní lè jáde níbẹ̀ mọ́. Ohun tá à ń pè ní black hole lónìí nìyẹn. Ọjọ́ tí ìwé náà jáde ni ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1939, ọjọ́ náà gẹ́ẹ́ ni Hítílà wọ Poland. Kò sẹ́ni tó ráyè kà á. Mo ń retí bóyá fíìmù máa fi hàn.

Èkejì, Tíṣà sà, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú, lórí ọ̀rọ̀ bàbá wa tó lọ Bọ́mà. Kì í ṣe bọ́ǹbù nìkan ló parí ogun yẹn. Rọ́ṣíà kéde ogun sí Japan lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ọmọ ogun wọn sì wọ Manchuria, ilẹ̀ Ṣáínà tí Japan ti gbà, lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ 15 ni ọba Japan sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé àwọn túúbá. Àwọn òpìtàn ṣì ń jà á títí dòní, èwo nínú méjèèjì ló ṣẹ́ wọn lápá.

Mo tún ní ìbéèrè: níbo ni wọ́n ti rí uranium tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Tíṣà_Òròkí | ọjọ́ 15 oṣù Keje, 7:30 àárọ̀

Àbúrò mi, o ṣe é, má bẹ̀ mí. Òótọ́ ni ti Rọ́ṣíà. Ilé wa ò tíì gbọ́ apá yẹn rí, bọ́ǹbù nìkan ni wọ́n sọ fún bàbá àgbà, òun náà ni wọ́n sọ fún wa. Màá sọ fún bàbá mi.

Ìbéèrè ẹ yìí, òun gan-an ni mo ń dúró dè kí ẹnì kan bi mí.

Kóńgò. Ibi kan tó ń jẹ́ Shinkolobwe, ní Katanga, nígbà tí Belgium ń ṣàkóso níbẹ̀. Òkúta uranium ibẹ̀ lọ́ràá ju ti ibikíbi láyé lọ: èyí tí wọ́n ń wà ní Amẹ́ríkà, uranium inú ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ti Shinkolobwe ń tó 65. Lẹ́tà olókìkí tí Einstein fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí Ààrẹ Roosevelt ní oṣù Kẹjọ 1939, inú ẹ̀ ló ti sọ pé Kóńgò ni orísun uranium tó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ Belgium tó ń wa kùsà náà, Edgar Sengier, kó èyí tó lé ní 1,000 tọ́ọ̀nù sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1940 lọ sí New York, ó tọ́jú ẹ̀ pamọ́ sí Staten Island. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà wá bá a ní 1942 pé àwọn ń wá uranium, ó ti wà nínú ilé ìkẹ́rù sí nílùú wọn níbẹ̀.

Àwọn ọmọ Kóńgò ló wà á. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń ṣa òkúta náà, tí wọ́n ń dì í sínú àpò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó léwu. Orúkọ wọn ò sí nínú ìwé kankan tí mo ti kà, bẹ́ẹ̀ mo ti ka tó pọ̀.

Ẹ wò ó: ní ọdún kan náà, ọmọ Kóńgò ń fọwọ́ ṣa òkúta, bàbá bàbá mi ń fi orí ru ọta nínú igbó Bọ́mà. Wọn ò mọra wọn, wọn ò mọ Los Alamos. Mo fẹ́ jókòó sínú òkùnkùn yẹn fún wákàtí mẹ́ta kí n máa tẹ́tí, mo fẹ́ gbọ́ bóyá ẹnì kan máa la ẹnu pe Kóńgò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó mi.

Àkànbí_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun | ọjọ́ 15 oṣù Keje, 8:15 àárọ̀

Tíṣà, ẹ̀yin ò tètè sọ ibi tọ́rọ̀ wà. Mi ò gbọ́ Shinkolobwe yìí rí láyé mi, mo sì jẹ́ ẹni tó ń kàwé. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí àwọn tó kú o. Ṣùgbọ́n mo ń bọ̀. Èmi náà máa tẹ́tí pẹ̀lú yín, mi ò kàn ní jẹ gúgúrú.

Ìyá_Ìbejì_ÒkèFìà | ọjọ́ 16 oṣù Keje, 3:40 ọ̀sán

Ẹ kú ìsinmi o. Tí a bá ń dárúkọ àwọn tí wọn ò dárúkọ, ẹ má gbàgbé Lise Meitner, obìnrin onífísíìsì. Òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Otto Frisch, ni wọ́n ṣàlàyé pé kókó uranium ló ń là sí méjì. Wọ́n wá a pé kó wá bá wọn ṣe bọ́ǹbù, ó ní òun ò ní bá wọn dá sí i. Otto Hahn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí náà gba Nobel, òun ò gbà á. Àwọn ọmọbìnrin mi ni mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ fún lálẹ́ òní.

Tíṣà_Òròkí | ọjọ́ 16 oṣù Keje, 4:02 ọ̀sán

Ẹ sọ̀rọ̀ mà. Ẹ sì wo ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́: ọjọ́ 16 oṣù Keje, ọdún 78 géérégé tí wọ́n dán bọ́ǹbù àkọ́kọ́ wò, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 29 ìdájí, òjò tiẹ̀ kọ́kọ́ dá wọn dúró. Wọ́n gbé e sórí òpó irin tó ga tó mítà 30. Iyanrìn abẹ́ ẹ̀ yọ́ di gíláàsì aláwọ̀ ewé. Enrico Fermi, ọ̀kan nínú àwọn onífísíìsì wọn, wà ní bíi kìlómítà 16 síbẹ̀, ó ti ya pépà wẹ́wẹ́ sọ́wọ́, nígbà tí atẹ́gùn ìbúgbàù náà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ó jù wọ́n sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wọn bí atẹ́gùn ṣe gbé wọn jìnnà tó, ó sì fi ìyẹn ṣírò agbára bọ́ǹbù náà. Ìdajì iye tó jẹ́ gan-an ló gbà á sí, pẹ̀lú pépà lásán! Lọ́la màá ya pépà fún àwọn ọmọ, a máa dúró sẹ́yìn fáànù.

Ọmọ_Aláró | ọjọ́ 17 oṣù Keje, 9:09 alẹ́

Tí fíìmù yìí bá lè wà, mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣe ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí. Ẹnjiníà ni, kì í ṣe onífísíìsì, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó yí ìdarí Opel ẹ̀ láti ọ̀tún sósì, tó mú jíìpù ṣọ́jà tó sọ ọ́ di ọkọ̀ tó lè fi gbogbo jíà ẹ̀ sáré síwájú, kó tún fi gbogbo ẹ̀ sáré sẹ́yìn, tó pè é ní Autonov 1. Ọdún 47 péré ló lò láyé, ó kú ní 1984. Bàbá mi ní nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, àdúgbò á dákẹ́. Dúdú-òun-funfun ni mo máa fi ya apá yẹn.

Aláṣọ_ỌjàỌba | ọjọ́ 18 oṣù Keje, 2:25 ọ̀sán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti gbọ́ iye tí wọ́n ń ta epo láàárọ̀ yìí? Náírà 617 lítà kan! Ìrìn-àjò Ìbàdàn yìí ń kọ́? Ṣé a ṣì ń lọ?

Tíṣà_Òròkí | ọjọ́ 18 oṣù Keje, 6:50 ìrọ̀lẹ́

À ń lọ mà. Mo ti bá ẹnì kan tó ní bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, a máa dá owó epo jọ, ẹni tí tiẹ̀ ò bá pé kó sọ fún mi ní kọ̀rọ̀, a máa ṣe é. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22, la máa lọ kí Bọ̀dá Àkànbí lè kírun Jímọ̀ ní tiẹ̀ láìkánjú. Old Garage la ti máa pàdé, aago méje àárọ̀. Bàbá Rélùwéè, ọmọ yín máa bá yín wá, àbí? Iwájú lẹ máa jókòó.

Bàbá_Rélùwéè | ọjọ́ 18 oṣù Keje, 7:44 alẹ́

A máa wá. Ó ti lọ bá mi gba agbádá mi lọ́wọ́ alágbàfọ̀.

Tíṣà_Òròkí | ọjọ́ 20 oṣù Keje, 9:58 alẹ́

Mo lọ kí bàbá mi lónìí, mo sọ ti Rọ́ṣíà fún wọn, mo sọ ti Kóńgò. Wọn ò fèsì. Wọ́n dìde wọ yàrá, wọ́n gbé agolo sìgá àtijọ́ kan jáde tí mi ò rí rí, ìpẹta ti mú ìdérí ẹ̀, ọ̀bẹ la fi ṣí i. Mẹ́dà bàbá àgbà wà níbẹ̀, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà, aláwọ̀ bàbà, aṣọ tín-ín-rín ara ẹ̀ ti ṣí. Abẹ́ ẹ̀ ni osùká kékeré kan wà, aṣọ tí wọ́n ká róbótó, ó ti dúdú, ó ti le bí igi. Bàbá mi ní òun ni bàbá àgbà fi ń ru àpótí ọta.

Mo bèèrè bóyá wọ́n á bá wa lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní aago mélòó ni bọ́ọ̀sì ń gbéra.